Ẹ̀fọn àti eṣinṣin kò jẹ́ kí ẹran mi sinmi: ẹ̀yin olùsìn ẹran, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùsìn Ìsẹ́yìn:

Mo kí gbogbo ilé o. Ewúrẹ́ mọ́kànlá, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin àti adìẹ tó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ni mo ń sìn ní ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn, lórí ilẹ̀ tí kò tó éékà méjì, odò kékeré kan sì gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà kọjá. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ dáadáa ni ara àwọn ẹran yìí kò ti balẹ̀ mọ́. Bí oòrùn bá ti mú, ṣe ni àwọn ewúrẹ́ á máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n á máa gbọn etí, wọ́n á máa fi ẹnu lé nǹkan kúrò ní ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ariwo á bẹ̀rẹ̀ ní ilé adìẹ, wọ́n á máa fò kúrò lórí igi tí wọ́n wọ̀ sí. Adìẹ méjì ti yọ ohun dúdú kan bí èépá sí ogbe àti ẹ̀bá ojú. Ewúrẹ́ kan tó lóyún sì ti ń rù láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun.

Ẹnì kan tó ń ta oògùn oko lọ́jà sọ fún mi pé kí n ra apakòkòrò inú ìgò kékeré kan, kí n pò ó mọ́ omi nínú bàsíà, kí n sì fi kànìnkànìn pa á sí gbogbo wọn lára ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú mi.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, Ọ̀wọ̀:

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún èmi náà, mo sì tẹ̀ lé e. Mo fi oògùn náà nu ara ìyá ewúrẹ́ kan tí ọmọ rẹ̀ méjì ń mu ọmú lọ́wọ́. Kò tó wákàtí kan tí itọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ó gbìyànjú láti dìde títí, kò lè dìde. Kí dókítà ẹran tó dé, ọmọ kan ti kú, ìyá náà sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Dichlorvos ni èròjà inú ìgò náà ń jẹ́. Kì í ṣe ohun tí a ń fi pa ẹran lára, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á ì báà sọ. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa irú ìgò kékeré bẹ́ẹ̀ fún ará ilé nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò. Bí ẹ bá ṣì rí i lórí àtẹ, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkútà:

Ohun tí Ìyá sọ yìí, mo ti fi ojú ara mi rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oògùn yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan ara kòkòrò àti iṣan ara ẹran. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi nǹkan bo ọwọ́ yín, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ ara ẹran náà kíákíá, kí ẹ sì pe dókítà tó ní abẹ́rẹ́ atropine lọ́wọ́, nítorí abẹ́rẹ́ náà ló ń gba ẹ̀mí là bí ó bá tètè dé.

Ṣùgbọ́n kí a tó dárúkọ oògùn kankan, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ń bá jà. Ohun tó ń lé ẹ̀fọn lè má kan eṣinṣin rárá, ibi tí eṣinṣin kan sì ń yé sí yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ wo wákàtí tí ó ń jẹ àwọn ẹran náà, ẹ wo ibi tí ó ń bà sí lára wọn, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń bù wọ́n jẹ ni tàbí ó kàn ń lá wọn lára.

Eṣinṣin ilé kì í bu ẹran jẹ. Omi ojú, itọ́, ìgbẹ́ àti egbò ló ń lá, láti ara ẹran kan dé ara òmíràn, bí ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé àrùn ojú àti ìgbẹ́ gbuuru kiri. Eṣinṣin mìíràn wà tó jọ ọ́ bí ọmọ ìyá, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Stomoxys. Ìyẹn ní ẹnu tó le, tó gùn síwájú bí abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ẹran ló máa ń bà sí ní ọ̀sán, ìrora rẹ̀ sì pọ̀. Bí ewúrẹ́ bá ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, òun ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Eṣinṣin tsetse tóbi ju méjèèjì lọ díẹ̀. Bí ó bá sinmi, ìyẹ́ rẹ̀ kan á gun orí èkejì bí ẹnu àlùmọ́gàjí tí a pa dé. Òjìji igi lẹ́bàá odò ni ilé rẹ̀, ọ̀sán ló sì ń jẹ ẹran. Kàntíkàntí kéré débi pé ó ń gba ojú àwọ̀n fèrèsé kọjá, ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni tirẹ̀, àwọn olùsìn àgùntàn sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ nítorí pé òun ló ń gbé àrùn bluetongue. Ẹ̀fọn ni ti òru.

Ní ti adìẹ méjì yẹn, ó jọ àrùn èépá adìẹ tí à ń pè ní fowl pox. Ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń gbé e láti ara adìẹ kan dé òmíràn. Kò sí oògùn tó ń wò ó, ara adìẹ fúnra rẹ̀ ló ń bá a jà. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ lónìí, kí ẹ má sì fi ọwọ́ ya èépá náà, nítorí inú rẹ̀ ni àrùn wà. Àwọn tí ara wọn ṣì dá lè gba àjẹsára, bí àìsàn bá tilẹ̀ ti wọ inú agbo, bí ó bá ṣì jẹ́ pé díẹ̀ ló mú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ti orílẹ̀-èdè wa tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe àjẹsára náà. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì ni a fi ń gún un sí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ ìyẹ́ apá. Ní ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣí apá wọn wò. Bí kókó kékeré bá yọ ní ojú ibẹ̀, ó ti mú. Bí ojú ibẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, a jẹ́ pé a ní láti tún un gún.

Ewúrẹ́ tó ń rù yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ fi àtàǹpàkò rọra fa ipéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ inú rẹ̀ ní ojúmọmọ. Bí ó bá pupa, ó dára. Bí ó bá funfun bí ìwé, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, ohun méjì ló sì sábà máa ń fà á níhìn-ín: aràn inú, tàbí kòkòrò àìrí tí eṣinṣin tsetse ń fi sínú ẹ̀jẹ̀. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ní agbára láti fara da àrùn tsetse ju màlúù funfun tó ń ti òkè Ọya wá lọ, ṣùgbọ́n fífara da àrùn kì í ṣe pé àrùn kò lè mú un, ó sì lè ba oyún jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ lórí àbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ẹran ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì lè ràn yín lọ́wọ́.

Olùsìn Ìsẹ́yìn:

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Mo ṣe bí ẹ ti wí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, mo jókòó ti ewúrẹ́ kan, mo ń ka eṣinṣin tó bà sí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Mẹ́jọ ni mo kà ní ẹsẹ̀ kan, wọ́n dúró gírígírí, ìdí ọ̀kan sì ti wú fún ẹ̀jẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan pa, ẹ̀jẹ̀ pupa ló yọ ní ìka mi. Ẹnu rẹ̀ gùn síwájú gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí.

Ní alẹ́ mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ilé adìẹ. Ẹ̀fọn pọ̀ lára ògiri bí ẹni pé ẹnì kan da lẹ́búlẹ́bú dúdú sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wá omi kiri. Taya mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé tí mo ti gbàgbé. Omi wà nínú ihò búlọ́ọ̀kù tó kù nígbà tí a kọ́lé, omi wà nínú agbada tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìṣáájú ń lò, tanwíjí sì ń jó sókè sódò nínú gbogbo wọn. Ó yà mí lẹ́nu pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń sin ẹ̀fọn pọ̀ mọ́ adìẹ.

Lẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀, níbi tí mo ń kó ìgbẹ́ àti èèpo ẹ̀gẹ́ sí, mo fi igi tú u. Òkè rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sísàlẹ̀, ìdin funfun ló kún ibẹ̀ bí ìrẹsì. Ipéǹpéjú ewúrẹ́ aboyún yẹn funfun. Mo ti fi mọ́tò gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, Ọ̀wọ̀:

Ẹ ti rí ilé wọn báyìí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má tí ì náwó sí ohunkóhun. Mo ti ná owó tó pọ̀ lórí oògùn fífín rí, eṣinṣin á kú lónìí, tí ó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn ọmọ wọn á ti rọ́pò wọn.

Nínú ooru tiwa yìí, láti orí ẹyin títí tí eṣinṣin ilé á fi fò kò ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kó ìgbẹ́ kúrò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ ń kó o nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìdin, wọn kò ní rí àyè hu ìyẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni tèmi, òjò ì báà máa rọ̀. Igun ògiri àti abẹ́ ọpọ́n oúnjẹ ni kí ẹ fi ṣọ́bìrì ha dáadáa, torí pé àárín ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn máa ń gbá kì í ṣe ibi tí ìdin pọ̀ sí. Ọ̀rinrin ni wọ́n ń wá. Ìgbẹ́ tó gbẹ kò ṣe wọ́n láǹfààní, ìgbẹ́ tó wà nínú omi gbàràgbàrà náà kò bá wọn lára mu, èyí tó rọ̀ bí ẹ̀bà ni wọ́n fẹ́. Eṣinṣin tó ń bu ẹran jẹ yẹn fẹ́ràn koríko jíjẹrà tí ìtọ̀ ẹran ti rin, ìyẹn ìyókù koríko tí ewúrẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní abẹ́ ibi ìjẹun. Ẹ gbọ́dọ̀ gbá ìyẹn náà.

Ibi tí ẹ bá kó o sí ṣe pàtàkì. Mo ń kó tèmi jọ gogoro, kì í ṣe pẹrẹsẹ, mo ń pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, lẹ́yìn náà ni mo á fi ọ̀rá dúdú bò ó, mo á sì fi òkúta tẹ etí ọ̀rá náà yíká. Ooru inú rẹ̀ máa ń gbóná débi pé bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kẹta, ẹ ó tètè fà á jáde. Ìdin kò lè gbé inú irú ooru bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ tó tutù ni wọ́n máa ń sá sí, nítorí náà ni mo fi ń yí i po lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí etí di inú. Nígbà tí ó bá di ajílẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ mi ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ má ṣe kó èèpo ẹ̀gẹ́ tútù jọ mọ́. Ẹ sá a sórí tapólì lọ́jọ́ tí ẹ bá bó o, kí ó gbẹ kó tó wọ àpò. Ó dára fún ẹran bẹ́ẹ̀, nítorí oró inú èèpo náà ń dínkù bí ó bá gbẹ. Ẹ tún wò ó bóyá ilẹ̀ ilé ẹlẹ́dẹ̀ yín dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí apá kan. Tèmi tẹ́jú nígbà tí a kọ́ ọ, omi ń dúró sí i, mo ní láti tún fi sìmẹ́ńtì sí i kí omi tó lè ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ohun kan tún wà: bí ẹ bá rí ìdin ńlá, tó le lára, tó ní àwọ̀ bí ilẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ má ṣe pa á. Kì í ṣe ọmọ eṣinṣin ilé. Eṣinṣin dúdú tó ń bí i kì í wọlé, kì í bu ẹran jẹ, ìdin rẹ̀ sì máa ń jẹ ìgbẹ́ débi pé eṣinṣin ilé kì í rí àyè níbẹ̀. Adìẹ mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Bàbá Ẹlẹ́ran, Ṣakí:

Ọ̀rọ̀ Ìyá dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ti tsetse yàtọ̀. Odò wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yín, ẹ kò sì ní rí ìdin tsetse nínú ìgbẹ́ láéláé. Mo ti ń sin màlúù fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ní ẹ̀gbẹ́ gàá tí èmi àti àwọn Fúlàní jọ wà. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo wákàtí ni kí ẹran lọ mu omi lódò. Bí oòrùn bá wà lókè, tí ẹran dùbúlẹ̀ sí abẹ́ òjìji igi etí odò, oúnjẹ tsetse lẹ fi síbẹ̀. Ẹ fa omi wá sí ilé fún wọn, tàbí kí ẹ dà wọ́n lọ ní kùtùkùtù kí ilẹ̀ tó gbóná, kí wọ́n mu ún kí wọ́n sì padà. Ẹ ṣán igbó kékeré tó wà ní ojú ọ̀nà wọn àti ní ibi ìmumi, ṣùgbọ́n kí ẹ má gé gbogbo igi etí odò, ilẹ̀ yín ni omi á gbé lọ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra màlúù ní àgbègbè wa, kí ó wo irú rẹ̀. Màlúù funfun ga, ó lẹ́ran lára, ṣùgbọ́n tsetse ń yára pa á. Mùtúrù àti N'Dama kéré, wọ́n sì ń fara dà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sin N'Dama ní oko ìjọba tó wà ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Kẹ́tẹ́kù wà láàárín màlúù funfun àti Mùtúrù.

Èéfín ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ń dá iná kékeré ní ìrọ̀lẹ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹran, mo ń kó ìgbẹ́ màlúù tí kò gbẹ tán lé e, mo sì ń fi efinrin tútù sí i. Àwọn màlúù fúnra wọn á rìn wá dúró sínú èéfín náà, wọ́n á di ojú. A kì í fi taya tàbí ọ̀rá ṣe é o, nítorí olóró ni èéfín ìyẹn.

Olùsìn Kétu:

Mo kí yín láti Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Efinrin tí Bàbá sọ yẹn, inú ilé ewúrẹ́ gan-an ni àwa ń jó o sí ní òru, a sì ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀fọn kì í wọlé rárá.

Ohun mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́ ni àwọ̀n. Wọ́n ti dán an wò ní Gánà pé kí wọ́n fi àwọ̀n tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ deltamethrin sí yí ilé ẹlẹ́dẹ̀ ká, tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà kan lọ, tsetse sì dínkù púpọ̀ lára àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni eṣinṣin wọ̀nyí ń fò. Bí wọ́n bá ti fara kan àwọ̀n náà, ó parí. Mo ta tèmi mọ́ òpó ọ̀gbà, mo sì jẹ́ kí ó jìnnà sí ẹnu ẹran kí wọ́n má bàa jẹ ẹ́. Fún fèrèsé ilé adìẹ, àwọ̀n ibùsùn tó ti gbó ni mo lò. Èyí tó ti ya ni mo sọ o. Èyí tí ọmọ ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀, kí a má ṣe bọ́ ọ fún adìẹ.

Ilé ewúrẹ́ mi sì ga ju ilẹ̀ lọ tó ìwọ̀n mítà kan, pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, àlàfo wà láàárín wọn tó jẹ́ kí ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ kò lè há sí. Láti ìgbà náà, orí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ kọ́ ni wọ́n ń sùn mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, Ọ̀wọ̀:

Ará Kétu, ẹ kú iṣẹ́. Àwọ̀n yẹn wù mí. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ èéfín inú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ mi wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí mo ṣe é, iná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ran òrùlé.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkútà:

Mo wà lẹ́yìn Ìyá lórí ìyẹn. Ìta gbangba ni kí èéfín wà, níbi tí ẹran á ti lè kúrò bí ó bá sú u. Ẹ̀fọn kì í lágbára ìfò, nítorí náà ilé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà kọjá dára ju ilé tí a dí pa lọ.

Bàbá Ṣakí ti fi ọwọ́ kan kókó kan tí mo fẹ́ tú palẹ̀. Eṣinṣin ilé kan lè yé ẹyin tó tó ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní ìgbà ayé rẹ̀, nítorí náà bí a bá ń pa àgbà wọn láìkó ìgbẹ́, a ò lè bá wọn dọ́gba láé. Tsetse kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ máa ń gbé nínú lẹ́ẹ̀kan, á bí i sínú ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ òjìji, ó sì tó nǹkan bí oṣù kan kí ìyẹn tó di eṣinṣin. Kò sí bí a ṣe lè tú gbogbo ilẹ̀ etí odò wá ọmọ wọn, ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kì í bí púpọ̀, bí a bá ń pa díẹ̀ nínú àgbà wọn lójoojúmọ́, iye wọn á máa wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pańpẹ́ aṣọ búlúù àti dúdú fi ń ṣiṣẹ́ fún tsetse. Àwọ̀ búlúù ló ń fà á wá láti òkèèrè, ó sì fẹ́ràn láti bà sí dúdú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn tsetse wà ní Kàdúná; bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé òun ló ń ṣe ẹran yín, ẹ jẹ́ kí dókítà àdúgbò yín bá yín kàn sí wọn.

Bí ó bá wá di dandan láti fi oògùn sára ẹran, èyí tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé ti ẹran ni kí ẹ rà, irú bíi deltamethrin tàbí cypermethrin, kí ẹ sì po omi mọ́ ọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ní Uganda, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn màlúù nìkan ni wọ́n ń fín in sí, nítorí pé ibẹ̀ ni tsetse ń bà sí jù, oògùn díẹ̀ sì ti tó. Ẹ ka iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fi mu wàrà tàbí pa ẹran náà jẹ. Mo sì bẹ gbogbo ẹni tó ní adágún ẹja àrọ̀: oògùn yìí ń pa ẹja ní kíákíá, ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó. Ẹ má ṣe fọ ike ìfínoògùn sí ojú àgbàrá tó ń lọ sí adágún.

Ẹ má gbàgbé egbò. Ìdodo ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ rí iodine ní wákàtí tí a bí i. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹran lọ́dàá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí eṣinṣin kò pọ̀. Bí ìdin bá ti wọ egbò, ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kó gbogbo rẹ̀, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí dókítà sì fún yín ní oògùn egbò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú tí àwọn kan ń dà sí i ń jó ẹran ara, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Olùsìn Ìsẹ́yìn:

Ọ̀sẹ̀ méje rèé, mo padà wá jíṣẹ́. Mo ti kó taya, mo ti fi yanrìn dí ihò búlọ́ọ̀kù, mo sì ń da omi ìmu adìẹ nù ní àràárọ̀ kí n tó bu òmíràn. Àwọ̀n wà lójú fèrèsé ilé adìẹ. Adìẹ mẹ́ta míì mú àrùn náà kí àjẹsára tó ṣiṣẹ́, ọ̀kan kú, àwọn yòókù ti sàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń kó ìgbẹ́. Ní òwúrọ̀ àná, mo jókòó ti ewúrẹ́ kan náà, mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀: eṣinṣin méjì.

Aràn ni wọ́n rí lára ewúrẹ́ aboyún, wọn kò rí àrùn tsetse nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn aràn tí kò pa oyún lára. Ó bí abo méjì ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo sì fi iodine sí ìdodo wọn kí wọ́n tó dìde dúró. Ká ní mo ti gún un ní abẹ́rẹ́ tsetse gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò kan ṣe ní kí n ṣe ni, aràn ì bá ti pa á.

Ohun tó kù ni pé eṣinṣin ilé ṣì ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tó múlé tì mí wá. Ó ń sin adìẹ púpọ̀, ó sì ń da ìgbẹ́ wọn sí ẹ̀bá ọgbà wa. Àgbà ni, mi ò sì fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mo ń bá a wí.

Bàbá Ẹlẹ́ran, Ṣakí:

Ẹ má bá a ṣe ẹjọ́. Ẹ lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ní ẹ ń wá ìgbẹ́ adìẹ fún oko, kí ó jọ̀wọ́ máa fún yín. Ẹ mú àpò àti ọmọlanke kan lọ, kí ẹ kó èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jọ dá ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Olùsìn Ìsẹ́yìn:

Mo lọ lánàá, Bàbá. Ó ní ó ti ń wá ẹni tó máa bá òun kó o láti ọjọ́ pípẹ́. Àpò mẹ́sàn-án ni mo kó, ó sì ti wà lábẹ́ ọ̀rá dúdú báyìí.